Èèkàn tàkúté

Èèkàn tàkúté ni igi tàbí irin tí ọdẹ ń gbá mọ́lẹ̀ láti fi de tàkúté onírin tàbí okùn wáyà, kí ẹran tó bá kó sí i má baà gbé e lọ. Bí èèkàn ti wù kó le tó, ilẹ̀ tí wọ́n gbá a sí ló ń dì í mú. Nítorí náà, èèkàn tó dúró gbọn-in níbì kan lè yọ wẹ́rẹ́ níbòmíràn tí kò jìnnà síbẹ̀. Agbègbè olókè Ọ̀tan Ayégbajú, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún èyí, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yí padà bí ènìyàn bá ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lọ sí etí odò.

Ohun tó ń mú èèkàn dúró

Ohun méjì ló ń di èèkàn mú. Èkíní ni bí erùpẹ̀ ṣe fún mọ́ ara rẹ̀. Èkejì ni ìwúwo erùpẹ̀ tó wà lórí ohun tí a rì mọ́lẹ̀. Ẹran tó kó sí tàkúté kì í fà á sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Á fò sókè, á yí ká, á sì máa mi èèkàn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ihò rẹ̀ yóò fi gbòòrò. Bí ihò bá ti gbòòrò, ẹran tí kò wúwo púpọ̀ pàápàá lè fa èèkàn yọ. Ọ̀yà tó dàgbà sábà máa ń wọ̀n tó kílógíráàmù 4 sí 7. Coyote, ẹranko Àríwá Amẹ́ríkà tó jọ ajá, lè wọ̀n tó 20, ìdí sì nìyí tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ń fi ìṣọ́ra yan èèkàn.

Ẹ̀wọ̀n kúkurú sàn ju gígùn lọ, nítorí pé ẹ̀wọ̀n gígùn ń fún ẹran láàyè láti sáré kí ó tó já èèkàn gbà. Òrùka tó ń yí, tí wọ́n fi sí ojú ẹ̀wọ̀n, kì í jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n lọ́ mọ́ra kí ó sì já. Wọ́n a sì gbá orí èèkàn wọlẹ̀ pátápátá, kí ẹran má baà rí ohun tì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Irú ilẹ̀ àti èèkàn tó bá a mu

Ní ọdún 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà. Wọ́n fi orúkọ àwọn ìlú bí Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá àti Apòmù pe oríṣiríṣi ilẹ̀. Ìwé náà fi hàn pé lórí ìdagẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, òkúta sábà máa ń wà lókè, amọ̀ ní àárín, yanrìn ní ẹsẹ̀ òkè, àti ilẹ̀ olómi ní ìsàlẹ̀.

Orí òkè: Àpáta àti òkúta wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kí èèkàn igi wọlẹ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè rí àyè láàrin òkúta, ṣùgbọ́n bí kò bá rí i, ẹsẹ̀ igi tó wà láàyè ni a ń so ẹ̀wọ̀n mọ́. Ọ̀nà mìíràn ni láti so ó mọ́ ìtì igi tí ẹran lè wọ́ díẹ̀. Ìtì náà yóò há sínú igbó, ipa rẹ̀ yóò sì tọ́ ọdẹ sọ́nà. Ọ̀nà yìí kò dára ní pápá gbangba, níbi tí kò sí ohun tí ìtì lè há mọ́.

Ìdagẹ̀rẹ̀: Amọ̀ pupa ló ń di èèkàn mú jù. Ọ̀pá irin tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 tó ní ilẹ̀ báyìí. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí èèkàn igi fi lè là lábẹ́ òòlù. Ní àkókò òjò, á rọ̀, èèkàn tó ti dúró gbọn-in tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Igi tútù kò yẹ fún èèkàn, torí pé yóò sún kì bí ó bá gbẹ, àyè yóò sì ṣí sílẹ̀ láàrin òun àti erùpẹ̀.

Ẹsẹ̀ òkè: Yanrìn gbígbẹ kì í fún mọ́ ohunkóhun. Èèkàn ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí a gbá méjì tí wọn yóò dábùú ara wọn nínú ilẹ̀. Èyí tó dájú jù ni kí a so ẹ̀wọ̀n mọ́ àárín igi kan, kí a dá igi náà dùbúlẹ̀ sínú kòtò jíjìn, kí a sì ki erùpẹ̀ lé e lórí. Ìwúwo yanrìn ni yóò wá dì í mú. Ìlànà kan náà ni àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ń lò nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀pá ti irin kékeré tó ní wáyà wọlẹ̀: bí wọ́n bá fa wáyà náà, irin á dábùú nísàlẹ̀, kò sì ní lè gba ojú ihò tó bá wọlẹ̀ jáde mọ́.

Àkùrọ̀: Ẹrẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèkàn wọlẹ̀ ní ìrọ̀rùn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kó yọ. Èèkàn gbọ́dọ̀ gba inú ẹrẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀, tàbí kí a so ẹ̀wọ̀n mọ́ gbòǹgbò igi. Omi tún ń mú kí igi jẹrà, ó sì ń mú kí irin dógùn-ún.

Ìdánwò

Kí ọdẹ tó kúrò nídìí tàkúté, ó yẹ kí ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹ̀wọ̀n sókè, kí ó sì fà á sí ẹ̀gbẹ́. Bí èèkàn bá mì, kí ó gbá a síbòmíràn, nítorí pé ihò tó ti gbòòrò kò lè di èèkàn mú mọ́. Lẹ́yìn òjò ńlá, ó yẹ kí ó tún ìdánwò náà ṣe.

Ewu àti òfin

Bí èèkàn bá yọ, ẹran yóò gbé tàkúté wọ inú igbó, yóò sì kú níbẹ̀ nípa ọgbẹ́ àti ebi. Ọdẹ yóò pàdánù ẹran àti irin. Ṣùgbọ́n èèkàn tó dúró kò mú ìrora ẹran kúrò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a máa yẹ tàkúté wò lójoojúmọ́, kí a má sì dẹ ẹ́ sí ọ̀nà oko, níbi tí ènìyàn, ewúrẹ́ tàbí ajá lè tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de tàkúté onírin eléyín ní ọdún 1958, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà ní ìṣọ̀kan sì ṣe òfin tiwọn lòdì sí tàkúté tó ń gbá ẹsẹ̀ mú ní 1991. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1985 ka dídẹ àti mímú àwọn ẹranko kan tó wà nínú ewu ìparun léèwọ̀.