Ìjàyè: Ìlú Tó Tú, Orúkọ Tí Kò Parẹ́

Ibi tó ń jẹ́ Ìjàyè nílẹ̀ Yorùbá ju ẹyọ kan lọ. Ìjàyè Orílé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà tó gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn. Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta, àdúgbò ńlá sì ni níbẹ̀. Ìjàyè tún wà ní Èkó, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ti Èkó yìí ni wọ́n so pọ̀ mọ́ Ìfàkọ̀ nígbà tí wọ́n yọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfàkọ̀-Ìjàyè lára Agége ní ọdún 1996. Nínú ìwé, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Ijaye, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní Ijaiye, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni.

Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ ni ibi tó ń jẹ́ Ìjàyè Orílé lónìí. Nígbà tí ogun gba gbogbo igbó Ẹ̀gbá kan, àwọn onílé sá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ, níbi tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó sí ní ọdún 1830. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò lápá òkè ni wọ́n wá kó wọ inú ìlú tó ṣófo náà. Kúrunmí, jagunjagun láti Èsìẹ̀lẹ̀, wà lára wọn. Ó gba ìlú mọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ di ìlú ológun tí kò tẹrí ba fún Ìbàdàn. Nígbà tí Àtìbà jẹ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ tuntun, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó sì fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run.

Òkìkí ìlú náà kàn débi pé àwọn oníwàásù òyìnbó wá a wá. Adolphus Mann ti ìjọ Áńgílíkà gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Thomas Jefferson Bowen, ará Amẹ́ríkà, kọ́ ilé ìsìn Onítẹ̀bọmi sí Ìjàyè ní ọdún 1854, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà.

Àtìbà wàjà ní ọdún 1859. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú, ṣùgbọ́n Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, ni wọ́n fi joyè. Ìbàdàn gbà á ní Aláàfin. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní forí balẹ̀ fún ẹni tó tẹ òfin lójú. Ní ọdún 1860, ogun bẹ́. Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ló ṣíwájú ogun Ìbàdàn, àwọn Ẹ̀gbá sì gbèjà Ìjàyè.

Ebi bá ìlú náà jà ju ìbọn lọ. Òkè Ògùn ni oúnjẹ ti ń wá. Nígbà tí Ìbàdàn dí ọ̀nà ibẹ̀, ọjà Ìjàyè dá páropáro. Àwọn òbí ń mú ọmọ lọ fún àwọn oníwàásù kí ọmọ náà má baà kú sí wọn lọ́wọ́. Richard Henry Stone àti A. D. Phillips, tí wọ́n jẹ́ Onítẹ̀bọmi, kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, ogun ṣì ń jà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìbàdàn wọ Ìjàyè, wọ́n sì pa á run.

Ìgbà náà ni orúkọ náà tàn. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ di ẹrú ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí ọ̀nà sá gba Abẹ́òkúta lọ, wọ́n dó síbẹ̀ papọ̀, wọn kò sì pa orúkọ ìlú wọn dà. Báyìí ni ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá sá kúrò níbẹ̀ ṣe tún lé àwọn Ọ̀yọ́ bá wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, àwọn ọmọ Ìjàyè padà sí ahoro wọn, wọ́n tún un kọ́, Orílé sì wá ya ìyẹn sọ́tọ̀ sí àwọn Ìjàyè yòókù. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gba ipò ogun níbẹ̀: ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá ọ̀kan nínú àwọn abúlé oko rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjàyè.

Orúkọ àwọn àlejò Ìjàyè náà rìn jìnnà. Moses Ládẹ̀jọ Stone, ọmọ Yorùbá tí àwọn Onítẹ̀bọmi fi jẹ pásítọ̀ ní ọdún 1880, ń jẹ́ orúkọ ìdílé oníwàásù Ìjàyè. Orúkọ Bowen wà lára yunifásítì tó wà ní Ìwó àti ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òǹkọ̀wé eré Ọlá Rótìmí ní tirẹ̀ fi orúkọ Kúrunmí sọ eré onítàn rẹ̀ kan, Kurunmi.

Lónìí, ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni Ìjàyè wà: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó. Ẹni tó bá ní ọmọ Ìjàyè ni òun gbọ́dọ̀ sọ èwo, nítorí Ẹ̀gbá lè sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀yọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn.