Igi tó ń fi gbòǹgbò mí: ìdí tí iye tí wọ́n gbìn kò fi tó

Láti oṣù kẹta ọdún 2025 tí Shell ti parí títa iléeṣẹ́ epo rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà fún Renaissance, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ láti Ogunu ní Warri, níbi tí Shell fi ṣe ibùdó fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dé Ogoni: báwo ni igbó mangrove tí epo pa yóò ṣe padà? Iye igi ni wọ́n sábà fi ń dá wa lóhùn. HYPREP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fọ ilẹ̀ Ogoni, dójú lé gbígbin mangrove sí hẹ́kítà 560. Kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a gbin igi, ọ̀tọ̀ ni kí igbó padà.

Gbòǹgbò ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹrẹ̀ tí mangrove dúró sí kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Igi mìíràn ìbá ti jẹrà níbẹ̀. Irú mangrove tó pọ̀ jù ní Niger Delta wá ń gbé ara rẹ̀ sórí gbòǹgbò gíga, bí ẹni tó ń jó agéré. Ihò wínníwínní wà lára gbòǹgbò náà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé abẹ́ ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Bí epo rọ̀bì bá bá omi wọlé tó lẹ̀ mọ́ ihò wọ̀nyí, ṣe ni igi náà á kú bí ẹni tí wọ́n dí nímú. Epo náà á sì wọ inú ẹrẹ̀, á jókòó síbẹ̀. Abájọ tí ìròyìn UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká, lórí Ogoni ní 2011 fi sọ pé àtúnṣe ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30. Ẹni tó bá gbin ọmọ igi sórí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, ikú ló gbìn. Bẹ́ẹ̀, igi yìí mọ ara rẹ̀ í gbìn: orí ìyá rẹ̀ ni èso ti ń hù kó tó já bọ́, omi a sì gbé e lọ síbi tó lè ta gbòǹgbò. Gbígbìn nìkan kì í sì í tó: ní Sri Lanka, lẹ́yìn omíyalé òkun (tsunami) ọdún 2004, wọ́n gbin mangrove káàkiri. Àwọn onímọ̀ tó padà lọ wo ibi 23 kò rí ẹyọ kan tó yè ní ibi 9.

Àwọn kan á ní kí a kúkú fi ọ̀pẹ nípà sílẹ̀, òun náà ṣáà tutù yọ̀yọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọ̀pẹ yìí wá láti Singapore sí Calabar ní 1906, àti sí Oron ní 1912. Ibi tí mangrove bá ti kú ló ń gbà. Lóòótọ́, ewé rẹ̀ ṣeé fi bo ilé, àmọ́ kò ní gbòǹgbò gíga tí ọmọ ẹja ń sá sí. Nípà yìí gan-an ni kò jẹ́ kí n sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan kan. Níbi tí kò ti sí igi ìyá mọ́ tí nípà sì ti ń bọ̀, lójú tèmi, ẹni tó bá káwọ́ gbera ti gbà kí nípà jogún ibẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó epo kúrò, kí wọ́n la ọ̀nà omi tó dí, kí wọ́n tó gbìn. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ iye igi tí wọ́n gbìn, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló ṣì dúró lẹ́yìn ọdún márùn-ún.