Ọwọ́ Oníṣẹ́ Abẹ àti Irinṣẹ́ Rẹ̀



Àwọn baba wa a máa wí pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Inú òwe yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà tí ọwọ́ àgbàlagbà yóò fi wọ akèrègbè láìfọ́ ọ; èyíinì ni pé, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú ikùn aláìsàn láìla ikùn náà gbòòrò. Wọ́n ti rí ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ohun tí ọ̀nà náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ̀ ọ́, àti ohun tí a lè ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1901, Georg Kelling, oníṣẹ́ abẹ ará Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ajá kan, ó sì fi ọ̀pá oní-dígí wo inú rẹ̀. Ní ọdún 1910, Hans Christian Jacobaeus, ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, ròyìn pé òun ti fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wo inú ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, wíwò ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kurt Semm, ní ìlú Kiel, ni ó fi ọ̀nà yìí yọ àpẹ́ńdíìsì ní ọdún 1980. Erich Mühe, ní Böblingen, fi í yọ àpò òróòro ní ọdún 1985, Philippe Mouret sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1987. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ Semm àti Mühe ni ó kọ́kọ́ bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀nà náà fi tàn káàkiri ayé.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. Oníṣẹ́ abẹ a gún ihò kéékèèké mélòó kan sí ara ikùn. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kì í sábà ju mìlímítà 12 lọ. Yóò fi afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní carbon dioxide gbé ara ikùn sókè bí àgọ́, kí àyè lè wà fún iṣẹ́. Ihò kan ni kámẹ́rà ń gbà wọlé, tí ohun tí ó wà nínú ikùn a sì hàn lójú ẹ̀rọ amáwòrán. Àwọn ihò yòókù ni ẹ̀mú àti àlùmọ́gàjí ń gbà wọlé, àwọn irinṣẹ́ tí ọ̀pá wọn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35. Èrè rẹ̀ fún aláìsàn kò kéré: ìrora rẹ̀ a dínkù, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ a kéré, a sì tètè padà sí ilé àti sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ oníṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ìṣòro mẹ́rin ni ó dé bá a.

Èkínní ni ti ihò náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá gígùn kan, kí ẹ tì í bọ inú ihò kékeré lára ògiri. Bí ẹ bá darí ọwọ́ sí apá ọ̀tún, orí ọ̀pá tí ó wà lẹ́yìn ògiri yóò lọ sí apá òsì. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè, orí rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ikùn aláìsàn. Ohun tí ọwọ́ ti kọ́ láti ìgbà èwe ni oníṣẹ́ abẹ níláti yí padà.

Èkejì ni ti ọrùn-ọwọ́. Irinṣẹ́ tí ó lè ṣẹ́ lórí bí ọrùn-ọwọ́ ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lè wọlé, ó lè jáde, ó lè yí, ó sì lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ọrùn-ọwọ́ ìbá fi ìrọ̀rùn ṣe wá di ti apá àti èjìká.

Ẹ̀kẹta ni ti agbára. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀pá gígùn ká ọsàn rí mọ̀ pé agbára ọwọ́ kì í dé orí ọ̀pá tán. Oníṣẹ́ abẹ níláti fún èèkù irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́wọ́ gidigidi kí ẹnu ẹ̀mú tó lè di nǹkan mú dáradára. Bákan náà ni kò lè mọ líle tàbí rírọ̀ ohun tí ó fọwọ́ kàn bí ìgbà tí ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti ojú. Ọwọ́ wà níhìn-ín, ojú wà lọ́hùn-ún. Bí a bá gbé ẹ̀rọ amáwòrán sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn yóò wà ní yíyí fún wákàtí púpọ̀.

Ẹ wo èèkù tí ó wọ́pọ̀ jùlọ, èyí tí ó ní òrùka méjì bí ti àlùmọ́gàjí aránṣọ. Àtàǹpàkò a wọ inú òrùka kan. Bí iṣẹ́ bá sì pẹ́, òrùka náà a máa tẹ iṣan ìmọ̀lára tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, títí tí ìka náà yóò fi kú tipiri. Kì í ṣe ènìyàn kan tàbí méjì ni irú ìpalára yìí ń bá. Ní ọdún 2010, Adrian Park àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde lórí oníṣẹ́ abẹ 317 tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: nǹkan bí 87 nínú 100 ni ó sọ pé iṣẹ́ náà ń mú ìrora tàbí àìrọgbọ̀ wá sí ara wọn. Aláìsàn ń jèrè, oníṣègùn ń sanwó rẹ̀.

Àpá kan sì tún kù tí ó yẹ kí a kíyèsí. Ní ọdún 2004, Ramon Berguer àti Alan Hreljac tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bi oníṣẹ́ abẹ 726 léèrè. Àwọn tí ìwọ̀n ìbọ̀wọ́ wọn jẹ́ 6½ tàbí tí ó kéré sí i ni irinṣẹ́ wọ̀nyí nira fún jù. Ta ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára wọn bí kò ṣe àwọn obìnrin? Nítorí náà, bí ọmọbìnrin kan bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára wí pé kò ní agbára. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni a fi wọn èèkù tí a fi lé e lọ́wọ́.

Ìlànà tí ó yẹ kò ṣàjèjì sí wa. Àgbẹ̀ kì í gé ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè bá ọkọ́ mu; ọkọ́ ni à ń ro kí ó bá ọwọ́ àgbẹ̀ mu. Ìmọ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ergonomics, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, tí ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́, tí èkejì sì jẹ́ òfin. Ohun púpọ̀ ni ó ti kọ́ wa. Èèkù tí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lè dì mú, bí ìdí ìbọn ìléwọ́, sàn fún dídi nǹkan mú pinpin ju òrùka àtàǹpàkò lọ. Ó yẹ kí a sọ ibùsùn iṣẹ́ abẹ kalẹ̀, títí èèkù irinṣẹ́ yóò fi wà ní déédé ìgbọ̀nwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́, kí èjìká má baà wà ní gbígbé sókè. Hanna, Shimi àti Cuschieri, ní Dundee ní ilẹ̀ Scotland, fi hàn ní ọdún 1997 pé iṣẹ́ a máa dára jù nígbà tí irinṣẹ́ méjèèjì bá pàdé ní igun tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 60. Ní ọdún 1998, wọ́n fi hàn pé iwájú gan-an, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ wà, ni ó yẹ kí àwòrán wà. Ẹ kíyèsí i pé gbígbé ẹ̀rọ síwájú àti sísọ ibùsùn kalẹ̀ kò ná ni ní ohun púpọ̀.

Ẹ̀rọ ńlá kan tún wà tí à ń pè ní da Vinci, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2000. Oníṣẹ́ abẹ a jókòó, irinṣẹ́ a sì tọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tọ̀, a sì ṣẹ́ bí ọrùn-ọwọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ rékọjá, ọrùn ẹni tí ó tẹ̀ba lé e fún ìgbà pípẹ́ a sì máa dùn ún síbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, iṣẹ́ ni, kí oníṣègùn fara dà á. Ọ̀rọ̀ yìí dàbí ọ̀rọ̀ akíkanjú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ọwọ́ tí ó ti kú tipiri kò lè mọ̀ bí òun bá ti tẹ ìfun jù. Ọ̀dọ̀ aláìsàn ni ìpalára náà yóò padà sí. Bí oníṣẹ́ abẹ kan bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọrùn àti èjìká, ní ilẹ̀ bí tiwa tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kò pọ̀, ẹ̀gbẹ̀rún ènìyàn ni ó pàdánù rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan tàbí ìdílé kan láàárín yín bá fẹ́ dá owó jọ ra irinṣẹ́ fún ilé ìwòsàn, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n lọ bá àwọn tí yóò lò ó, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí wọ́n sì jẹ́ kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ di èèkù náà mú wò kí a tó rà á.