Oòrùn Ò Gbowó, Bátìrì Ló Ń Gbowó

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a ra káàdì iná ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, a sì ní kí ọmọ wa àgbà lọ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú mítà. Iye tí a máa ń rà náà nìyẹn láti ìgbà tí a ti kó dé Kubwa, ní Abuja. Tẹ́lẹ̀, yúnìtì tó lé ní 130 la máa ń rí níbẹ̀. Ọmọ náà padà wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní, "Màmí, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé mo tẹ̀ ẹ́ ṣì. Mítà ní 41 ni."

Kò tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ọjọ́ kẹta oṣù yẹn ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso owó iná, kéde pé àwọn ilé tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, yóò máa san ₦225 lórí yúnìtì kan dípò ₦68. Ní oṣù karùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ₦206.80. Ní oṣù keje, ó tún gòkè sí ₦209.50, tí ẹ bá sì fi VAT lé e, ₦225 náà ló padà dà. Àwọn tó wà ní Band B títí dé E kò rí àfikún kankan lọ́jọ́ náà, àwọn ló sì pọ̀ jù. Nínú oníbàárà 100, bíi 15 péré ni wọ́n sọ pé ó wà ní Band A. Àwa wà nínú 15 náà.

(NẸ́PÀ la ó máa pè wọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí o. Láti ọdún 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lára pátákó, wọ́n sì ti ta iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá dé, ta ló ń kígbe orúkọ ilé-iṣẹ́ aládàáni?)

Ohun tó dùn wá jù kì í ṣe ₦225 náà. Ohun tó dùn wá ni pé owó iná tiwa ju ti àwọn aládùúgbò wa lọ, bẹ́ẹ̀ àwa la ní ohun tí à ń pè ní sólà. Ní ọdún 2022, ẹnì kan ta ínfátà kan fún wa pẹ̀lú bátìrì tubular méjì, ó ní tí ọwọ́ wa bá gbòòrò, ká wá ra páńẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ kò gbòòrò. A fi ohun tí a rí gbé e, a sì ń sọ fún àlejò pé a ti ní sólà.

Màmá, ìyá ọkọ ilé wa, ló tú wa fó. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wa, wọ́n gbọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé sólà fún ẹlòmíràn, wọ́n jáde sí ìta, wọ́n gbójú sókè wo òrùlé, wọ́n padà wọlé, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ ní oòrùn lẹ fi ń tan iná. Níbo ni oòrùn náà ń gbà wọlé?"

"Màmá, a ò tíì gbé páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wá ni."

"Láti ọdún wo?"

Kò sí èsì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iná NẸ́PÀ la ń kó sínú bátìrì lọ́sàn-án, tí a ń yọ lò lóru. Bátìrì kì í sì í dá gbogbo ohun tí ẹ fún un padà. Tí ẹ bá fi yúnìtì mẹ́wàá sínú irú bátìrì tubular yẹn, mẹ́jọ ni ẹ máa rí yọ tó bá ṣì lágbára, tó bá ti gbó kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù á bá ooru lọ. Nígbà tí yúnìtì jẹ́ ₦68, a ò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó di ₦225, àwa tí a ní ínfátà wá ń sanwó lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ẹni tó tà á fún wa kò purọ́ fún wa. A ò bèèrè, òun náà ò sọ.

Nítorí náà, kí a tó tún ná kọ́bọ̀, a kọ́kọ́ jókòó ti mítà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ wa ń ka mítà ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákù kan. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí. Òun gan-an ló là wá lójú ju gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta sólà lọ.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ àwa tí a ń kọ èyí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ méjì. A máa ń sọ pé nǹkan ń fa iná, a sì máa ń sọ pé ó ń jẹ iná, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Nínú ilé wa, a ti yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Ohun tí nǹkan ń fà ni agbára tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, wáàtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń jẹ ni àròpọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí, òun ni yúnìtì tí mítà ń kà. Áyọ́ọ̀nù ń fa 1,000 wáàtì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi lọ aṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdajì yúnìtì ló jẹ. Fíríìjì wa kì í fà tó 200, àmọ́ tọ̀sán tòru ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ yúnìtì kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Ohun tí nǹkan ń fà ló ń sọ bí ínfátà yín ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ohun tó ń jẹ ló ń sọ iye páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí ẹ máa rà. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á ra ínfátà ńlá, iná á sì tún lọ ní aago méjì òru.

Yúnìtì mẹ́jọ ni ilé wa ń jẹ lójúmọ́. Márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyí, nítorí kì í ṣe gílóòbù àti fáànù ló ń jẹ ẹ́. Alẹ́ la máa ń lọ aṣọ ilé ìwé. Alẹ́ la máa ń fa omi sí tánkì. Alẹ́ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ṣiṣẹ́, nítorí ìgbà yẹn ni gbogbo wa máa ń wà nílé. A kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀sán, aṣọ ìlọ̀ di ti ọ̀sán Sátidé, àwọn ọmọ kùn díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ti òru já sí yúnìtì mẹ́ta àti ààbọ̀.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé bátìrì ló ń gba owó jù nínú sólà. Yúnìtì tí ẹ bá lò nígbà tí oòrùn wà lókè, láti páńẹ́ẹ̀lì ló ń bọ̀ tààrà, kò kan bátìrì. Yúnìtì tí ẹ máa lò lóru, ẹ gbọ́dọ̀ ra ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Bátìrì lithium tó ń gba yúnìtì márùn-ún tó wa tán. Ká ní a kò yí ìgbà lílò wa padà ni, méjì là bá rà. Nígbà tí a ṣe tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ló gbà. Bátìrì nìkan kó ₦1,300,000 nínú rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí wọ́n ní 550 wáàtì gba ₦440,000, ínfátà tuntun gba ₦450,000, wáyà, irin àti owó iṣẹ́ sì gba ìyókù.

Páńẹ́ẹ̀lì kan bẹ́ẹ̀ máa ń mú bíi yúnìtì méjì wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa lágbègbè Abuja níbí. Ẹ̀yin tó wà ní Kano tàbí Sokoto á rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tó wà ní Port Harcourt kò ní rí tó o. Lásìkò òjò, pàápàá nínú oṣù kẹjọ, àwọn ọjọ́ kan wà tí a kì í rí ìdajì. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. A máa ń fi aṣọ tútù nù ún láàárọ̀ kùtù, kó tó gbóná.

Wàhálà tiwa kò sì parí síbẹ̀. Oṣù kìíní tí wọ́n gbé e sókè, yúnìtì márùn-ún la ń rí dípò mẹ́jọ. Oníṣẹ́ tó tò ó ní ojú ọjọ́ ni. Ọmọ oníwèé àjákù ló rí i pé ní aago méjì ọ̀sán, òjìji tánkì omi wa máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì ìkẹyìn. Wọ́n so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, tí òjìji bá bo ọ̀kan, ohun tí àwọn yòókù ń mú wá náà á dín kù. A sún wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì òrùlé, a dojú wọn kọ gúúsù, ìyàtọ̀ náà sì hàn lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀, yúnìtì 240 lóṣù ní ₦225 jẹ́ ₦54,000, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń gba bíi ₦12,000. Báyìí, bíi yúnìtì 65 la ń rà lóṣù, ó ń sún mọ́ ₦15,000, jẹnẹrétọ̀ sì ti sinmi. ₦51,000 ló ń kù sọ́wọ́ wa lóṣù. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ yóò padà láàárín oṣù 49. Èlé owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi bí oṣù méjì kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣirò tiwa ra sólà fún ilé tiyín. Ká ní ilé kan wà lórí ìlà tí iná rẹ̀ kì í pẹ́, tó ń lo yúnìtì mẹ́rin lójúmọ́ ní ₦60. ₦7,200 ló ń san lóṣù. Bí ó tilẹ̀ já NẸ́PÀ kúrò pátápátá, tó sì ná iye tí a ná, ọdún 29 ni owó náà fi máa padà. Páńẹ́ẹ̀lì dáadáa ń lò tó ọdún 25, bátìrì lithium kò lè tó bẹ́ẹ̀. Fún irú ilé yẹn, iná NẸ́PÀ kọ́ ló yẹ kí ó fi wé sólà, epo ni. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti lé ní ₦1,000 ní Abuja, lítà kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sì í sábà fún ilé ju yúnìtì kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tó ń jó lítà méjì lálẹ́ nígbà náà ń san bíi ₦60,000 lóṣù, ó sì ń fa èéfín tó lè pa ìdílé sójú oorun tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sítòsí fèrèsé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì àti bátìrì kékeré, fún gílóòbù, fáànù àti fóònù nìkan.

Nǹkan kan tún wà tí ìṣirò owó kò lè wọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìlà iná ńlá tó gba Ugwuaji lọ sí Apir bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní àríwá sì wà nínú òkùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ará wa ní Kaduna, Kano àti Jos mọ ohun tí ẹran inú fíríìjì wọn dà lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀yin tó wà ní Band A náà, ẹ máa ka wákàtí iná yín. Òfin NERC ni pé tí wákàtí 20 náà kò bá pé fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n sọ ìlà yín kalẹ̀ sí Band tó bá iná tí ẹ ń rí mu, kí owó rẹ̀ náà sì sọ̀ kalẹ̀.

Màmá pè wá lánàá. Lẹ́yìn tí wọ́n kí gbogbo ilé tán, wọ́n bèèrè bóyá oòrùn ti ń rọ́nà wọlé báyìí. A ní, "Ó ń wọlé, Mà. Òjò ló kàn ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lóṣù yìí."