Ìrètí Ẹni Tí Ó Wà Lájò

A bá àwọn tí wọ́n bímọ yọ̀, a sì bá àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó yọ̀; Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ayọ̀ náà kalẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a bá aláyọ̀ yọ̀ tán kí a gbàgbé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ sínú yàrá kan ṣoṣo tí ará ilé rẹ̀ kò sí nítòsí. Nítorí tiwọn ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìnira àjò yàtọ̀ sí ìnira ilé. Bí owó ilé-ìwé ọmọ bá wọ́n ẹni nílé, a lè tọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lọ. Níhìn-ín, ojú a máa ti ènìyàn láti ránṣẹ́ sílé pé nǹkan kò lọ déédéé, nítorí àwọn ará ilé gbà pé owó epo ni gbogbo ará Port Harcourt ń ká. Ojú a sì máa tini láti wá sí ìpàdé nígbà tí owó ẹgbẹ́ bá wà lọ́rùn ẹni. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹlòmíràn ṣe ń fi ìpàdé sílẹ̀, tí ó ń fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pẹ̀lú, tí ó sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run ti gbàgbé òun.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọ Yorùbá kan tí ó ti dé agbègbè yìí kí ìlú wa tó gba orúkọ Port Harcourt ní 1913, kí ojú irin tó ti ibí dé Enugu ní 1916. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ẹ bá wa kà á, nítorí ọmọ ilé wa ni.

Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, nígbà tí kò tíì ju ọmọdé lọ. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ mú òun dé ibi tí òun ti fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Wọ́n tà á fún àwọn Potogí ní Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀. Ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825.

Ẹ kíyè sí èyí: ìgbàgbọ́ kò dá ìyá rẹ̀ padà fún un ní ọjọ́ kejì. Ó di oṣù August 1846, ní Abẹ́òkúta, kí ó tó tún fi ojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún 25. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde lẹ́nu wọn. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ní 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ Ìhìnrere bẹ̀rẹ̀ ní Bonny, ní ẹ̀bá odò tiwa níhìn-ín. Inúnibíni dìde níbẹ̀. Ẹrú kan tí ń jẹ́ Joshua Hart kọ̀ láti jẹ nínú ohun tí a fi bọ òrìṣà, wọ́n sì dè é, wọ́n jù ú sínú odò. Kò sí ọkọ̀ tí ó wá gba Joshua là. Síbẹ̀ Ìjọ Bonny kò kú.

Bíṣọ́ọ̀bù náà kò lo ìgbà ogbó rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì kan dójú tì í, wọ́n sì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891. Dandeson ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ Archdeacon, ni ó di iṣẹ́ Niger Delta mú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọbìnrin yín ń lọ sí Archdeacon Crowther Memorial Girls' School ní Elelenwo, orúkọ ọmọ yẹn ni ẹ ń pè.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, ìrètí Kristẹni kì í ṣe ìlérí pé ìyà yóò tán lọ́la. Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ fún opó tàbí fún ẹni tí kò níṣẹ́, ẹ̀tàn ni. Ìrètí wa ni pé Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ nínú ìyà náà, àti pé ohun tí a ṣe ní orúkọ rẹ̀ kò ní ṣègbé. Èkejì, ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run fi gba Àjàyí. Àwọn ènìyàn ni wọ́n bọ́ ọ, tí wọ́n kọ́ ọ ní ìwé. Bí a bá ń gbàdúrà fún arákùnrin wa tí a kò sì mọ ojúlé rẹ̀, àdúrà wa kù díẹ̀ káàtó.

Nítorí náà, ẹni tí a kò bá rí ní ìpàdé méjì, ẹ jẹ́ kí a wá a lọ sí ilé. Kí a má ṣe kọ́kọ́ bi í ní owó ẹgbẹ́. Kí a bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé. Ìwọ tí ojú ń tì, ẹgbẹ́ ni ilé rẹ níhìn-ín, jáde wá. Ẹni tí ó ti là á já rí ni ó mọ bí a ti í tu ẹlòmíràn nínú.

Ọlọ́run yóò dá gbogbo wa padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.