Fòníkú-fọ̀ladìde: Ọ̀rọ̀-ìperí àti Ìtọ́jú Ọmọ

Àrùn tí ó ń dá ọmọ wólẹ̀ lónìí, tí ọmọ náà sì tún ń dìde lọ́la, ni Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ yìí ṣàpèjúwe ìṣe àrùn náà. Kò sọ okùnfà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí àbíkú, tí wọ́n sì ń di ẹ̀bi ru ìyá.

Ní 1910, James Herrick, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa aláìsàn kan tí hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Irú hóró bẹ́ẹ̀ a máa dí iṣan, a sì fa ìrora inú eegun. Hóró pípé a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Onídòjé kì í sábà ju 20 lọ. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í fi í tó.

“Àrùn ẹ̀jẹ̀ onídòjé àjogúnbá” ni ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá òye yìí mu. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ó ṣeé ṣe, ní ìgbà 1 nínú 4, kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ó ti wá.

Ní Ìjọra Badia, l'Ékòó, omi òjò a máa dúró sílẹ̀, ẹ̀fọn a sì pọ̀. Ibà sì wà lára ohun tí ń jí ìrora náà. Òbí tí ó mọ okùnfà yóò ta àwọ̀n ẹ̀fọn, yóò máa fún ọmọ lómi mu dáadáa, yóò sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ bá gbóná. Kí fòníkú-fọ̀ladìde máa jẹ́ orúkọ ilé. Kí ọ̀rọ̀-ìperí tuntun máa ṣàlàyé rẹ̀.