Ìlànà Kan fún Ọ̀pọ̀ Ilé Iṣẹ́ Kẹ́míkà
Iléeṣẹ́ kan lè máa ṣe ọ̀dà kan náà ní ìlú mẹ́ta, síbẹ̀ kí àwọn kọ̀ǹpútà adáṣiṣẹ́, èyí tó ń ṣí fáàfù tó sì ń dín ooru kù, máa gba àṣẹ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, débi pé ẹni tó mọ ti ibì kan dunjú yóò di àjèjì ní ibòmíràn. Ìlànà ISA-88, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995, ya àlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ pò, ìyẹn èròjà, ìwọ̀n àti ooru rẹ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tí yóò pò ó, gẹ́gẹ́ bí èròjà ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kò ti yí padà nítorí pé wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí àdògán bọ́ sórí sítóòfù. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ lo ìlànà yìí ní gbogbo ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ lè fa àríyànjiyàn, bó tilẹ̀ dà bí ohun kékeré, nítorí pé ọgbà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti sọ fáàfù rẹ̀ lórúkọ tipẹ́.